Yàrá Kan fún Alágbàfọ̀

"Kò sí obìnrin tí kò nílé ní Ọ̀fà."

Bàbá kan ló sọ bẹ́ẹ̀ níbi ìpàdé àdúgbò wa, ó sì sọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ó ní ìlú òyìnbó ni ènìyàn ti ń sùn sí títì. Ó ní nílẹ̀ wa níbí, gbogbo ènìyàn ló ní agboolé tiẹ̀, àfi ẹni tí orí rẹ̀ bá dàrú, kí ló wá dé tí àwa obìnrin fi ń dáwó láti gba yàrá fún obìnrin ẹlòmíì? Mo ti pinnu láàárọ̀ ọjọ́ yẹn pé mi ò ní bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, dókítà sì ti kìlọ̀ fún mi gidi gan-an nípa ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣùgbọ́n bàbá yìí rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ló bà á jẹ́. Mo dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," mo ní, "ọmọbìnrin yín tó wà nílé ọkọ ní Ìbàdàn, tí wọ́n bá lé e jáde lónìí, yàrá wo ló máa wọ̀ nílé yín?"

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ níbẹ̀ pé ó ti fi gbogbo yàrá ilé rẹ̀ háyà fún àwọn ọmọ ilé ìwé Poli, títí kan èyí tí ìyàwó rẹ̀ ń kó ìkòkò sí tẹ́lẹ̀. Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Alhaja tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ wa fà mí láṣọ kí n jókòó. Mo jókòó.

Kí n sọ bí ẹgbẹ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìjì ńlá kan ló ká òrùlé ilé opó kan lọ ní àdúgbò wa, obìnrin náà sì kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Alhaja yìí, tó ń ta irin àti sìmẹ́ńtì nítòsí rélùwéè, ló pe àwa ìyá àdúgbò jọ, Mùsùlùmí àti Kristẹni, ó ní kí oníkálukú máa mú nǹkan wá lóṣooṣù. Kò sọ iye. Ẹni tó ní púpọ̀ ń mú púpọ̀ wá, ẹni tó ní díẹ̀ ń mú díẹ̀ wá, àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun náà ń fi ránṣẹ́ nígbà tó bá wù wọ́n. Iṣẹ́ kan ṣoṣo lowó náà wà fún: obìnrin tí kò bá ní ibi tó máa sùn, kí a gba yàrá ọdún kan fún un kó lè fẹsẹ̀ múlẹ̀. Wọ́n fi mí ṣe igbákejì olórí. Àwọn kan ní torí pé mo kàwé ni, àmọ́ èmi mọ̀ pé ohùn mi ni wọ́n ń wò.

Ẹni tí à ń dáwó fún lọ́tẹ̀ yìí, alágbàfọ̀ ni. Ó háyà ṣọ́ọ̀bù onípákó kékeré kan lójú ọ̀nà Poli, ibẹ̀ ló ti ń fọ aṣọ àwọn ọmọ ilé ìwé, tó ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, á tó ẹni àádọ́ta ọdún, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ aṣọ funfun lọ̀ tó o. Òun ló ń bá mi lọ aṣọ ẹgbẹ́ ìyá ìjọ mi.

Lọ́jọ́ Sunday kan, mo ti gbàgbé láti gba aṣọ náà lọ́jọ́ Sátidé, mo bá sáré lọ síbẹ̀ ní ìdájí, mò ń gbàdúrà pé kí n bá a. Mo bá a lóòótọ́. Ó ń ká ẹní, ó ń fi ẹsẹ̀ tì í sábẹ́ tábìlì tó fi ń lọ aṣọ.

"Mo tètè dé ni, Mà," ló sọ kí n tó béèrè nǹkan kan.

Ẹ gbà mí! Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ, ta ló fẹ́ pa irú irọ́ yẹn fún mi? Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rẹ̀ wà nínú ife lórí pákó. Ìkòkò kékeré wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó fi ọ̀rá wé Àlùkùránì rẹ̀, ó gbé e kọ́ sókè kí òjò má baà kàn án. Mo gba aṣọ mi, mo sanwó, mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ mi ò gbọ́ ìwàásù ọjọ́ yẹn rárá. Aṣọ ọrùn mi ń dán bí ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á, ẹni tó lọ̀ ọ́ sì sùn sábẹ́ tábìlì. Ó ká mi lára.

Lọ́sàn-án, mo gbé oúnjẹ padà síbẹ̀. Mi ò ní tàn yín, kì í ṣe inú rere nìkan ló gbé mi lọ, ìtọpinpin náà wà nínú ẹ̀. Mo jókòó lórí àpótí rẹ̀, mo ní mi ò ní kúrò níbẹ̀ àfi tó bá sọ òótọ́ fún mi. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mummy, ẹ̀yin náà le o." Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún.

Mínà lòun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé, ọkọ náà ń tún mọ́tò ṣe. Wọn ò bímọ. Nígbà tí ọkọ kú, obìnrin yìí ò tíì jáde opó tí àwọn ẹbí ọkọ ti kó ẹlòmíì wọlé, wọ́n ní ta ló bí sínú ilé náà. Ó wọkọ̀, ó padà sílé bàbá rẹ̀ ní Ọ̀fà. Ibo ló tún fẹ́ lọ? Bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ náà ti kú, ṣùgbọ́n yàrá ìyá rẹ̀ ṣì wà lápá ẹ̀yìn ilé náà, èyí tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí kànga. Ó ní láti Mínà títí dé Ọ̀fà ni òun fi ń ronú ọ̀dà tí òun máa fi kun yàrá náà. Nígbà tó débẹ̀, bàtà ọkùnrin ló bá lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyáálé ìyá rẹ̀, ló ń darí ilé báyìí, ó sì ti fi yàrá náà háyà fún àwọn ọmọ Poli.

Wọ́n ní kó máa sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó gbà. Ó ń gbálẹ̀, ó ń fọ abọ́, ó ń fọ aṣọ gbogbo ilé lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń pè é ní dálémosú lójú àwọn ọmọdé, bí ẹni pé ńṣe ló kọ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀, bí ẹni pé kì í ṣe ikú ló mú ọkọ lọ. Lọ́jọ́ kan, àlejò ń bọ̀ wá síbi ìsọmọlórúkọ, wọ́n bá kó ẹrù rẹ̀ síta kí àyè lè gbà wọ́n. Òjò pa ẹrù náà. Nígbà tí àlejò lọ tán, kò sẹ́ni tó ní kó kó o padà wọlé. Ó dúró títí di ìrọ̀lẹ́, ó ń retí kí ẹnì kan sáà sọ ọ́. Nígbà tí kò sẹ́ni tó sọ ọ́, ó gbé ẹrù rẹ̀ rù, ó bá tiẹ̀ lọ. Ṣọ́ọ̀bù onípákó yẹn ló ti ń sùn látìgbà náà.

Wàhálà tó wá wà nílẹ̀ ni pé ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù onípákó yẹn ti sọ fún un pé òun máa wó o kí òjò tó le, pé búlọ́ọ̀kù lòun fẹ́ fi tún un kọ́. Tó bá ti wó o, ibi iṣẹ́ obìnrin yìí àti ibi oorun rẹ̀ lọ nìyẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Mo sọ fún Alhaja. Kò sọ ọ̀rọ̀ méjì. Èmi àti òun la jọ ń wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá kiri ìgboro láti wá yàrá, ojú wa sì rí nǹkan. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo onílé ń bi wá:

"Ọkọ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ti kú."

"Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ńkọ́?"

"Kò bí."

"Ta ló wá máa dúró fún un?"

"Àwa tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí."

Láńlọ́ọ̀dù kan wò wá látòkè délẹ̀, ó ní obìnrin tó bá dá wà, wàhálà ni, ká má bínú. Mo bi í bóyá wàhálà ni màmá tiẹ̀ náà tó jẹ́ opó. Alhaja tètè wọ́ mi jáde. Ó ní, "Mummy Tíṣà, tẹ́ ẹ bá ń bú gbogbo onílé báyìí, inú igbó la máa gba yàrá sí o." Nígbẹ̀yìn, màmá àgbàlagbà kan lọ́nà Òjòkú ló gbà fún wa. Yàrá náà mọ́, kànga wà níbẹ̀, àyè ìsáṣọ wà. A mú alágbàfọ̀ lọ wò ó. Ó fọwọ́ kan ògiri, ó yọjú lójú fèrèsé, ó ní, "Ó dáa, Mà. Ẹ ṣeun." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo rò pé ayọ̀ ló pa á lẹ́nu mọ́.

Ẹgbẹ́ wa wá ní àṣà kan. Kí a tó fi owó sílẹ̀, wọ́n máa ń bá wa kéde rẹ̀ ní mọ́sálásí lọ́jọ́ Jímọ̀ àti ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday, kí ẹnikẹ́ni má baà ní a jẹ owó ìlú. A kì í dárúkọ. Wọ́n kàn máa ń sọ pé a fẹ́ gba yàrá fún obìnrin kan tí kò nílé ni. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹni tó kéde ní mọ́sálásí fi tiẹ̀ kún un, ó ní, "Alágbàfọ̀ wa ọ̀nà Poli yẹn ni o, kí Ọlọ́run sàánú rẹ̀." Inú rere ló fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ alágbàfọ̀ náà? Ta ni kò mọ agboolé tó ti jáde?

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àwọn àgbà agboolé rẹ̀ dé sí ṣọ́ọ̀bù Alhaja. Mo wà níbẹ̀. Agbádá ni wọ́n wọ̀ wá bí ẹni tó ń lọ tọrọ ìyàwó. Olórí ẹbí wọn, bàbá arúgbó kan, ló ṣíwájú. Ẹ̀gbọ́n alágbàfọ̀ tẹ̀ lé e, ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tó ń lọ ra àgbàdo ní Òjòkú wá tà. Inú ń bí wọn gan-an.

"Alhaja, ẹ ti bà wá lórúkọ jẹ́," bàbá náà ní. "Ẹ ní ọmọ wa kò nílé. Bàbá rẹ̀ kọ́lé o! Ilé náà ò sì wó. Ọmọ agboolé wa ò ní fowó sàráà gba yàrá nínú Ọ̀fà yìí nígbà tí a ṣì wà láyé."

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ibo ló ti ń sùn láti ọjọ́ yìí wá?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló dá mi lóhùn. Ó ní òun ò mọ̀ pé ìyà ń jẹ ẹ́, òun rò pé ó ti rí ẹni fẹ́ ni. Ẹ gbọ́ o: òun rò pé ó ti rí ẹni fẹ́! Ọmọ Ọ̀fà ni mí, ìjàkadì ò ṣàjèjì sí wa, díẹ̀ ló kù kí n dì mọ́ ọkùnrin yẹn láàárín irin àti sìmẹ́ńtì. Alhaja ń fi ojú bẹ̀ mí.

Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti gbé kẹ̀kẹ́ méjì lọ sí ṣọ́ọ̀bù onípákó. Wọ́n kó gbogbo ẹrù rẹ̀, ẹní, ìkòkò, áyọ́ọ̀nù. Àwọn obìnrin ilé ń kọrin. Ẹnì kan ń fi fóònù ya fọ́tò, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì gbọ́wọ́ lé e léjìká, ó ń rẹ́rìn-ín. Alágbàfọ̀ dúró láàárín wọn, ó ń fi ìbòrí rẹ̀ nu ojú. Wọ́n gbé fọ́tò náà sórí WhatsApp àdúgbò, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ àwọn ti padà wálé. Ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ wa yọ̀. Wọ́n ní Ọlọ́run ti bá wa ṣe é, owó wa ò sì jáde, ká tọ́jú rẹ̀ de ẹlòmíì. Bàbá tó rẹ́rìn-ín nípàdé ọjọ́ yẹn kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ṣé mo sọ àbí mi ò sọ?" Mo pa fóònù mi.

Mo fún wọn láyè díẹ̀ kí n tó lọ kí i. Orí ẹní lọ́dẹ̀dẹ̀ ni mo bá a, níwájú ilẹ̀kùn yàrá ìyá rẹ̀ gan-an. Àwọn ọmọ Poli ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ojú ń tì wọ́n, "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ẹ má bínú mà." Wọn ò jẹ̀bi, wọ́n ti sanwó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó ṣe sùúrù, yàrá á yọ lọ́jọ́ kan. Ó tún ní kó má gba aṣọ ẹlòmíì fọ̀ mọ́, torí ó ń dójú ti ilé, àwọn ènìyàn á ní àwọn ò bọ́ ọ. Nítorí náà, aṣọ ilé nìkan ló kù tó ń fọ̀. Áyọ́ọ̀nù rẹ̀ wà lábẹ́ àga, eérú ìjọ́un ṣì wà nínú ẹ̀.

"Ṣé wọ́n ń fún ẹ lóúnjẹ?" mo bi í.

"Wọ́n ń fún mi, Mà."

"Ṣé ò ń rí oorun sùn?"

"Ilé ni mo wà, Mà."

Bó ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde sí wa, ó fo ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá lórí ẹní bí ẹni fo gọ́tà, ó kí mi káàbọ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Mo dá a lóhùn torí pé ilé onílé ni mo wà. Ẹkún ni mo fi jáde níbẹ̀. Inú bí mi sí gbogbo ará ilé yẹn, inú bí mi sí ẹgbẹ́ wa, ó tún bí mi sí obìnrin náà fúnra rẹ̀ pé kò pariwo. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mi ò lè jẹun mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tí ẹgbẹ́ tún ṣe ìpàdé, mi ò jẹ́ kí wọ́n ṣe àdúrà tán kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mo ní ká lọ san owó yàrá ọ̀nà Òjòkú lọ́la, kí agboolé yẹn lọ forí sọlẹ̀ tó bá wù wọ́n. Akápò wa, obìnrin jẹ́jẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ní kí n má bínú, pé àdéhùn wa ni pé obìnrin tí kò nílé la máa ràn lọ́wọ́, èyí sì ti wà nílé. Mo ní, "Ọ̀dẹ̀dẹ̀ nilé?" Ó ní, "Mummy, ilé bàbá rẹ̀ ni." Ariwo sọ. Àwọn kan ní ká má dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìlú. Àwọn kan gba tèmi. Alhaja jẹ́ kó rẹ gbogbo wa tán. Ó wá ní:

"Obìnrin yìí fúnra rẹ̀, ta ló ti bi í pé kí ló fẹ́?"

A ti wá yàrá kiri, a ti kéde, agboolé ti wá gbé e, èmi ti jà fún un débi tí ohùn mi ti há. Kò sẹ́ni tó bi í. Alhaja ní kí wọ́n lọ pè é wá.

Ó wá, ó kúnlẹ̀, a ní kó dìde kó jókòó. Ó jókòó sí etí àga. Alhaja bi í. Ó kọ́kọ́ ní ohun tó bá tẹ́ wa lọ́rùn náà tẹ́ òun lọ́rùn. Alhaja ní rárá, kó sọ tiẹ̀. Ó ń fọwọ́ tẹ́ ìró rẹ̀ lórí eékún.

"Àwọn ọmọ Poli yẹn ti ń ṣe ìdánwò àṣekágbá," ló wí. "Wọ́n máa kó jáde. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń wá ayálégbé míì. Tó bá jẹ́ pé owó náà ṣì wà, Mà, ẹ bá mi gba yàrá ìyá mi."

Mi ò gbọ́ ọ yé. Mo ní, "Ká bá ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn bí? Ká bá wọn jà?"

"Rárá o, Mummy. Ẹ bá mi háyà rẹ̀."

Orí mi gbóná. Mo ní ṣé orí rẹ̀ pé? Kí ọmọ wá máa sanwó ilé nínú ilé bàbá rẹ̀? Nínú yàrá ìyá rẹ̀? Owó opó, owó àwọn tó ń ta gààrí, ká lọ kó o fún ọkùnrin yẹn kó fi ra àgbàdo? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lu tábìlì. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí obìnrin náà gbójú sókè wò mí tààrà.

"Mummy, ẹ má bínú sí mi. Àwọn ọmọ Poli yẹn, wọn ò mọ bàbá wọn nílé wa. Ṣùgbọ́n tí àlejò bá ń bọ̀, ta ló jẹ́ kó ẹrù wọn síta? Ẹrù èmi ọmọ ilé ni wọ́n kó. Ọmọ ilé ni wọ́n ń sọ fún pé kó ṣe sùúrù. Ẹni tó sanwó, wọn kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Tí mo bá lọ sí ọ̀nà Òjòkú, wọ́n á ní mo ti kúrò nílé nìyẹn, ibi tí wọ́n bí mi sí á bọ́ lọ́wọ́ mi pátápátá. Ọwọ́ mi ni ìyá mi kú sí nínú yàrá yẹn. Mi ò fẹ́ yàrá míì. Ẹ bá mi gbà á bí wọ́n ṣe ń gba ilé, màá padà sẹ́nu iṣẹ́ mi, ti ọdún tó ń bọ̀, èmi ni màá san án fúnra mi."

Akápò wa ń sunkún. Èmi náà ń sunkún, àmọ́ ìbínú ló ń pa mí lẹ́kún tèmi.

Lójú ọ̀nà nígbà tí èmi àti Alhaja ń lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Alhaja ní kí n fọkàn balẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ò ní dórí owó rárá. Ó ní tí wọ́n bá ti gbọ́ pé a fẹ́ sanwó yàrá náà fún ọmọ wọn, ojú á tì wọ́n, wọ́n á yọ̀ǹda rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ní àmín. Síbẹ̀ mo ti to èébú mi sílẹ̀ lọ́kàn, bí wọ́n ṣe máa tẹ̀ léra wọn.

A bá olórí ẹbí arúgbó yẹn níbẹ̀, òun àti ẹ̀gbọ́n alágbàfọ̀. Alhaja sọ ohun tí a bá wá, ó rọra sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bàbá arúgbó fa fìlà rẹ̀ wá sójú. Ó ní, "Yéè, Ọlọ́run mi." Èmi ń wo ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọkùnrin náà húkọ́ díẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì.

"Ṣé ti ọdún kan lẹ máa san lẹ́ẹ̀kan náà," ó ní, "àbí ẹ máa pín in sí méjì?"

Gbogbo èébú tí mo tò sílẹ̀ fò lọ lórí mi. Irú èébú wo lèèyàn fẹ́ bú ẹni tó sọ irú ìyẹn? Mo wo Alhaja, mo rí i pé ẹnu ya òun náà. Ṣùgbọ́n oníṣòwò ni Alhaja, kò jẹ́ kó pẹ́ lójú rẹ̀.

"Lẹ́ẹ̀kan náà la máa san án," ó ní. "Àmọ́ bí ẹ ṣe ń ṣe fún àwọn ọmọ Poli ni kẹ́ ẹ ṣe fún un o. Kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀, iná tiẹ̀, iṣẹ́ tiẹ̀. Kẹ́ ẹ sì kọ rìsíìtì fún un, kì í ṣe fún wa."

Ó kọ ọ́. Orí itan rẹ̀ ló ti kọ ọ́ níbẹ̀. Bàbá arúgbó dìde láàárín ọ̀rọ̀, ó jáde, kò kí wa pé ó dàbọ̀. Nígbà tí a fi máa jáde, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, ó ń fi etí agbádá nu ojú, ó sì ń wo ibòmíràn kí ojú wa má baà ṣe mẹ́rin.

Àwọn obìnrin kan kúrò nínú ẹgbẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní a ra ohun tó jẹ́ ti ọmọ fún ọmọ, a sì fi owó kún àpò ẹni tó jalè. Mi ò lè bá wọn jiyàn, torí inú mi ò tíì rọ̀ sí i títí di òní. Tí mo bá rí ọkùnrin yẹn lójú títì, mo máa ń yí orí mi. Dókítà ní kí n gbàgbé ẹ̀. Dókítà ò mọ nǹkan kan.

Àmọ́ mo máa ń lọ sọ́dọ̀ obìnrin náà. Ó kun yàrá rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Àwọn ọmọ Poli tún ń gbé aṣọ wá fún un, wọ́n ń gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé, ó ń sá a lẹ́bàá kànga lójú gbogbo ilé. Ó ti sanra díẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ń ká ṣẹ́ẹ̀tì àwọn oníbàárà rẹ̀, à ń sọ̀rọ̀ ọ̀wọ́n èédú. La bá gbọ́ tí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn, kó kó kó, jẹ́jẹ́.

Mo rò pé oníbàárà ni. Obìnrin náà ò dìde. Ó ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì tó mú dání tán, ó tò ó sórí àwọn yòókù, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó lè tẹ́jú.

"Ta nìyẹn o?" ó ní.

Ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ó dárúkọ ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, nínú ilé bàbá rẹ̀. Ó ní kí wọ́n má bínú, àlejò kan ló wá bá òun, òun fẹ́ mọ̀ bóyá omi tútù wà lọ́dọ̀ àbúrò òun.

Àbúrò rẹ̀ wò mí. Ó tún mú ṣẹ́ẹ̀tì míì.

"Ẹ dúró díẹ̀," ó ní, "mò ń bọ̀."

Ó sì dúró.